Bí Ṣéènì Kò Bá Gòkè: Wíwá Àléébù Jíà Iwájú Kẹ̀kẹ́

Olóòtú ètò yìí ti fi tó yín létí pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, àti pé apá kan ṣoṣo lára kẹ̀kẹ́ náà ni a óò yẹ̀ wò fínnífínní. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí a gbé kọ́ yìí. A so ó rọ̀ kí táyà ẹ̀yìn má baà kanlẹ̀, kí n lè máa fọwọ́ yí pẹ́dà bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà ní ibi tí ṣéènì ti ń gun orí àwo eléyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà. Ẹ rí irin pẹlẹbẹ méjì tí ó há ṣéènì sáàárín, tí ó dà bí ẹnu ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Òun gan-an ni à ń bá wí.

Àwọn Faransé ń pè é ní dérailleur, èyí ni pé ohun tí ń mú nǹkan yẹ̀ kúrò lójú irin rẹ̀. Ní tèmi, n ó máa pè é ní atì-ṣéènì, nítorí pé títì náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kì í gbé ṣéènì sókè. Ó kàn ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, títí eyín àwo kejì yóò fi gbá a mú tí yóò sì gbé e gùn. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn kò ní pẹ́ẹ́ mọ ibi tí àléébù wà.

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko àti sí ilé-ìwé, Raleigh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwo eléyín kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà wọn. Ṣéènì wọn kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Èyí tí ó bá sì ní jíà mẹ́ta nínú wọn, ti iléeṣẹ́ Sturmey-Archer ní ìlú Nottingham ni, inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni jíà náà fara pamọ́ sí, ojú kò rí i, ọwọ́ kì í sì í tètè kàn án. Lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárín wa ti kọ́ṣẹ́, tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù tí ń ti òkè òkun wọlé lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo méjì tàbí mẹ́ta ni ó wà níwájú púpọ̀ nínú wọn. Bí atì-ṣéènì wọn bá yọnu díẹ̀, ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé a óò tú u dànù, a óò fi ṣéènì sórí àwo àárín, a ó sì sọ fún ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ pé ó ti dára. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín ohun tí a fi ń ṣòfò. Àwo mẹ́ta iwájú kẹ̀kẹ́ yìí ní eyín 42, 34 àti 24. Eléyín tí ó tóbi jù lẹ́yìn ní eyín 28, èyí tí ó kéré jù ní 14. Táyà rẹ̀ ń yí ilẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2.07 ká lẹ́ẹ̀kan. Bí ṣéènì bá wà lórí àwo ńlá níwájú àti eléyín kékeré lẹ́yìn, yíyí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan yóò gbé wa lọ ní mítà 6.2. Bí ó bá wà lórí àwo kékeré níwájú àti eléyín ńlá lẹ́yìn, mítà 1.8 péré ni. Èyí kúrú, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé tí ó di ìwé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lè gun òkè Màpó ní Ìbàdàn láìsọ̀kalẹ̀. Bí a bá tú atì-ṣéènì dànù tí ṣéènì kò kúrò lórí àwo àárín mọ́, agbára tí ẹsẹ̀ yóò lò lórí òkè náà yóò fi ìdá méjì nínú márùn-ún lé. Ọmọ náà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa ti kẹ̀kẹ́. Bí ó bá sì ṣe pé a kò tú u dànù, ṣùgbọ́n a kò tún un ṣe dáadáa, ṣéènì lè já bọ́ kúrò lórí eyín ní àárín òkè tí ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí burú ju títì lọ.

Ohun èlò yìí kì í ṣe ohun àtayébáyé. Paul de Vivie, ará Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé, tí ó kú lọ́dún 1930, fi ọ̀pọ̀ ọdún polongo kẹ̀kẹ́ tí ó ní ju jíà kan lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1937 ni àwọn tí ń darí ìdíje Tour de France tó gbà kí àwọn eléré-ìje ibẹ̀ máa lo ẹ̀rọ tí ń ṣí ṣéènì nípò. Lára àwọn atì-ṣéènì iwájú ti ìgbà àtijọ́, òmíràn kò ní wáyà rárá. Ọ̀pá kékeré kan ni ó yọ sókè lábẹ́ ìjókòó, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ tì í lójú eré, láàárín ẹsẹ̀ tí ń yí. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, èyí tí iná mànàmáná ń tì ti wà; iléeṣẹ́ Shimano gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Iléeṣẹ́ SRAM tilẹ̀ mú kẹ̀kẹ́ orí òkè kúrò lọ́wọ́ wàhálà yìí pátápátá lọ́dún 2012, nígbà tí wọ́n fi àwo kan sílẹ̀ níwájú, tí wọ́n sì to eléyín 11 sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ titun ti tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ titun kọ́ ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ padà wo ṣéènì yìí. Mo ń yí pẹ́dà síwájú. Apá òkè ṣéènì le bí ọṣán ọrun, apá ìsàlẹ̀ sì dẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣí ṣéènì nípò lẹ́yìn, apá ìsàlẹ̀ tí ó dẹ̀ yìí ni ó ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Atì-ṣéènì iwájú kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Apá òkè, tí gbogbo agbára ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀, ni a ní kí ó máa tì. Nítorí náà, ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wá àléébù sí ni ẹsẹ̀ ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ara kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé pẹ́dà ní àárín òkè, tí ó wá ń wá àwo kékeré ní ìgbà náà, ń bẹ ẹ̀rọ náà ní ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Kí ó ti ṣí i kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè ni ó dára jù. Bí ó bá ti bọ́ sórí òkè tán kí ó tó rántí, kí ó tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan kí kẹ̀kẹ́ sáré díẹ̀, kí ó wá dín agbára ẹsẹ̀ kù bí pẹ́dà ti ń yí lọ, kí ó sì ṣí i. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra wọn kí wọ́n tó mú irinṣẹ́ kankan. Nígbà púpọ̀ ni wọ́n ti ń padà wá láìní àléébù kankan láti ròyìn.

Ó wá ku bí àléébù náà bá wà lára kẹ̀kẹ́. Síkúrúù kéékèèké méjì ni ẹ ń wò lórí atì-ṣéènì yìí. Wọ́n kọ lẹ́tà L sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n kọ H sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Nítorí pé gbangba ni wọ́n wà, tí ó sì rọrùn láti yí wọn, àwọn ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ṣéènì kò gòkè: a yí síkúrúù. Ṣéènì kò sọ̀: a tún yí síkúrúù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àléébù kan ti di mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ó rántí ibi tí síkúrúù wà ní àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ síkúrúù wọ̀nyí kò ti ohunkóhun. Ààlà ni wọ́n ń pa. L ń sọ fún atì-ṣéènì pé, “O kò gbọdọ̀ wọlé kọjá ibí yìí”, H ń sọ fún un pé, “O kò gbọdọ̀ jáde kọjá ibí yìí.” Ohun tí ń fa atì-ṣéènì jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwo ńlá ni wáyà tí ó ti ọwọ́ jíà wá. Ohun tí ń dá a padà wọlé sí ọ̀dọ̀ àwo kékeré ni sípíríǹgì inú rẹ̀. Ẹni tí wáyà rẹ̀ dípẹtà, tí ó wá ń yí síkúrúù, dà bí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń ṣàìsàn tí ó ń sún odi ìlú sẹ́yìn kí ẹṣin lè sáré.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀ bóyá wáyà ni? Ìdánwò kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìdánwò yòókù lọ. Ẹ ṣí ọwọ́ jíà lọ sí ti àwo kékeré, kí wáyà dẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí ó di orí wáyà mú lára atì-ṣéènì, kí ẹ fa wáyà náà yọ. Wàyí o, ẹ fi àtàǹpàkò ti atì-ṣéènì síta, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ wo èyí bí mo ti ń tì í. Ó lọ, ó sì bọ̀ kíá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ yé fi ẹ̀sùn kàn án. Bí ó bá ń lọ tìkọ̀tìkọ̀, tí kò sì fẹ́ padà, oríkèé rẹ̀ ni ó ti fi ẹrẹ̀ àti ìpẹtà dí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán òróró ẹ̀rọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tì í lọ tì í bọ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi yọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ kan di orí wáyà tí ẹ tú mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì máa ṣí ọwọ́ jíà. Wáyà gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú àkọ̀ rẹ̀ láìhá. Bí ó bá há, ẹ ti rí ọ̀daràn. Àkọ̀ wáyà tí òjò ti rin, tí ìpẹtà ti wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi òróró tù nínú fún ìgbà pípẹ́. Kí a pààrọ̀ àkọ̀ àti wáyà pọ̀ ni ó dára jù, owó wọn kò sì pọ̀ bí ti odindi atì-ṣéènì. Ibì kan tún wà tí ojú sábà ń fò: lábẹ́ ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti gba inú férémù kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wáyà ti ń yí kọ́nà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ń ta sí. Mo ti rí ibi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ ti di wáyà mú bí ẹni mọ sìmẹ́ǹtì. Kí ẹ sì wo ìdí wáyà nínú ọwọ́ jíà pẹ̀lú. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ti já lára rẹ̀, àwọn yòókù kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Bí a bá fi wáyà titun sí i, kí ó má ya olúwarẹ̀ lẹ́nu bí ṣéènì bá tún kọ̀ láti gòkè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àkọ̀ àti wáyà ń jókòó sí ààyè wọn ni, wáyà sì dẹ̀ díẹ̀. Kókó kékeré kan sábà máa ń wà níbi tí wáyà ti jáde láti inú ọwọ́ jíà. Ẹ yí i síta ní ìlàjì àyíká, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó tún yí i. Bí a bá fa wáyà le jù ńkọ́? Àléébù náà yóò yí padà ni: ṣéènì yóò máa gòkè kíá, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ sọ̀ sórí àwo kékeré mọ́.

Kí a tó wá fọwọ́ kan síkúrúù, ó ku ìjókòó atì-ṣéènì fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àlòkù ti rìnrìn àjò jìnnà. A ti tò ó léra, a ti jù ú sílẹ̀, nǹkan sì lè ti gbá atì-ṣéènì kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tì í síta títí tí awẹ́ òde rẹ̀ yóò fi wà lókè eyín àwo ńlá. Àlàfo tí ó wà láàárín ìsàlẹ̀ awẹ́ náà àti orí eyín gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 1 sí 3. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára títì rẹ̀ yóò máa ṣòfò, ṣéènì yóò sì máa yọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, irin yóò máa gé eyín. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lókè kẹ̀kẹ́ kí ẹ wo ilẹ̀: awẹ́ irin náà àti àwo gbọ́dọ̀ dọ́gba bí ojú irin rélùwéè méjì. Bí orí tàbí ìdí rẹ̀ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ dẹ bóòtù tí ó dè é mọ́ férémù, kí ẹ tò ó gún, kí ẹ tún un dè.

Ìgbà yìí ni ó tó kan síkúrúù. Fún L, kí ṣéènì wà lórí àwo kékeré níwájú àti eléyín ńlá lẹ́yìn, kí wáyà sì dẹ̀ pátápátá. Ẹ yí síkúrúù náà títí tí awẹ́ inú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣéènì tí kò sì kàn án. Ìdajì mìlímítà ti tó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ gbọọrọ, ṣéènì yóò máa já sí inú, láàárín àwo àti férémù. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà, kí ó má fi agbára tẹ pẹ́dà, nítorí pé yóò há ṣéènì mọ́lẹ̀ ni. Kí ó dáwọ́ dúró, kí ó kúrò láàárín títì, kí ó fọwọ́ dá ṣéènì padà. H ni a óò ṣe kẹ́yìn, pẹ̀lú ṣéènì lórí àwo ńlá níwájú àti eléyín kékeré lẹ́yìn, kí awẹ́ òde náà fi àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí H bá gbọọrọ jù, ṣéènì yóò fò jáde lu ọ̀pá pẹ́dà, ó sì lè fa ṣòkòtò ẹni tàbí kí ó ha ẹsẹ̀. Bí a bá sì fún un jù, kò sí bí wáyà ti lè le tó, ṣéènì kò ní dé orí àwo ńlá láé. Ẹ rántí, kí ìka má sún mọ́ ṣéènì bí pẹ́dà bá ń yí. Eyín wọ̀nyí kò mọ ìka yàtọ̀.

Ariwo ńkọ́? Bí ṣéènì bá wà lórí àwo ńlá níwájú àti eléyín ńlá lẹ́yìn, ó dábùú gan-an, yóò sì máa ha awẹ́ irin. Èyí kì í ṣe àléébù tí a ń tún ṣe. Irú jíà bẹ́ẹ̀ kò wúlò, nítorí pé a lè rí èyí tí ó sún mọ́ ọn lórí àwo àárín láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ń dún lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí po, ẹ wo àwo láti òkè bóyá ó wọ́.

Nígbà mìíràn, a ó ti ṣe gbogbo èyí, ṣéènì yóò sì tún kọ̀. Ẹ gbé rúlà lé e. Íǹṣì 12 gééré ni ìsopọ̀ 12 ṣéènì titun máa ń jẹ́, láti àárín ìṣó kan dé àárín ìṣó kejì. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lé, ó ti gbó. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ eyín àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ó sì tún lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ àwo ńlá sí èyí tí ó kéré, tí ìyípo awẹ́ irin kò fi bá ti àwo mu mọ́, tàbí pé ọwọ́ jíà tí a rà lọ́jà kì í ṣe irú èyí tí ó bá atì-ṣéènì náà mu. Ìwọ̀n wáyà tí ọ̀kan ń fà kì í ṣe ìwọ̀n tí èkejì ń fẹ́. Síkúrúù kò lè yanjú èyí.

Níhìn-ín ni ẹnì kan yóò ti bi mí pé, bí ọwọ́ jíà tí ó bá a mu kò bá sí lọ́jà, ṣé a kò wá ní tú u dànù bí? A kò ní tú u. Ẹ yọ wáyà nìkan. Ẹ yí síkúrúù L wọlé títí tí yóò fi gbé atì-ṣéènì dúró lókè àwo àárín, bí síkúrúù náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá fi H dè é láti òde kí ó má lè mì. Kò ní ti ṣéènì mọ́, ṣùgbọ́n yóò máa ṣọ́ ọ kí ó má baà já bọ́ nínú kòtò. Bí ojú ọ̀nà ọmọ náà bá jẹ́ òkè ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí àwo kékeré dípò àwo àárín. Olóòtú wa, mo rí i pé ẹ ti ń nawọ́ sí àwọn tí wọ́n ní ìbéèrè. Kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bọ́ síwájú, kí ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tú wáyà yìí.